Okùn Tí Dúró So Mọ́ Súìṣì Tájù

Láyé ìgbà náà, ẹja tí wọ́n bá gbé kúrò ní Ajah lọ sí Èkó láìbàjẹ́, yìnyín Rùkáyàt ló sìn ín lọ. Ilé yìnyín rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí etí ọ̀sà, ilé búlọ́ọ̀kù kékeré kan tí Tájù ọkọ rẹ̀ kọ́ nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Tájù ra ẹ̀rọ tó ń sọ omi di yìnyín, ó ra jẹnẹrétọ̀, ó sì ra súìṣì onírin ńlá kan tó ní apá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí èèyàn bá gbé apá náà sókè, iná á wọlé. Inú súìṣì yẹn ni fíúsì wà: tánńganran tí wáyà tín-ín-rín gba inú rẹ̀ kọjá. Bí nǹkan bá ṣe ẹ̀rọ, wáyà náà á yọ́, iná á gé, kò ní séwu.

Tájù kú lójijì. Rùkáyàt kò ta ilé yìnyín. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di wáyà fíúsì, ó sì ń dì í fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dirun ọmọ. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé apá súìṣì náà.

"Èyí ò já mi kulẹ̀ rí," ló máa ń wí.

Òótọ́ sì ni. Atẹ́gùn òkun ń jẹ wáyà lágbègbè yẹn bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Lọ́pọ̀ ìgbà ni wáyà méjì ti kanra wọn lára ẹ̀rọ rẹ̀, gbogbo ìgbà náà sì ni fíúsì gé iná.

Lẹ́yìn ọdún 1980 ni iná ìjọba dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀yìn ògiri Rùkáyàt gan-an ni wọ́n gbé tiráńsífọ́mà sí. Àwọn aládùúgbò ń kí i kú oríire. Ó ránṣẹ́ pe Dúró, oníṣẹ́ iná tó kọ́ṣẹ́ ní Àpápá, pé kó wá fa iná náà wọlé.

Dúró ṣí súìṣì, ó wò ó, ó tún jáde lọ wo tiráńsífọ́mà. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Màmá, mo máa fa iná yín. Ṣùgbọ́n súìṣì yìí ò lè bá wa lọ."

"Ó ti bà jẹ́ ni?"

"Kò bà jẹ́."

"Ọgọ́ta áḿpù ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ̀rọ mi ò mu tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ alára lo sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́sí."

"Iye iná tó lè gbé nìyẹn, Màmá. Iye tó lè gbé lọ́tọ̀, iye tó lè gé lọ́tọ̀. Bí wáyà bá kanra tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, kí lẹ máa ń gbọ́?"

Rùkáyàt rò ó. "Ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn."

"Ẹ ṣeun. Òun fúnra rẹ̀ á fẹ́ kú, agbára tó máa rán wá ò pọ̀, fíúsì yín á gé e. Èyí tó wà lẹ́yìn ògiri yìí ò ní kú. Gbogbo agbára inú rẹ̀ ló máa rọ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà fíúsì á yọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ò ní dúró. Á máa fò kọjá lójú ibi tí wáyà ti yọ́, títí tánńganran á fi bú. Ọ̀gá mi ni irú ẹ̀ bú mọ́ lójú. Ojú òsì rẹ̀ ò ríran mọ́."

"Tájù ra nǹkan tí kò dáa, àbí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Ohun tó o sọ nìyẹn. Máa lọ. Sùlè oníṣẹ́ iná tó wà ní Ṣàngótẹ̀dó á bá mi fà á kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì."

Dúró mọ Sùlè. Á fà á lóòótọ́, kò sì ní sọ nǹkan kan. Irú fíúsì tó yẹ ò sì sí lọ́jà lásìkò yẹn, àfi kí èèyàn dúró kí ọkọ̀ òkun kó o dé. Bẹ́ẹ̀ ẹja ń wọlé lójoojúmọ́. Dúró bẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi fẹnu kò: òun á so súìṣì náà mọ́ iná ìjọba títí tuntun á fi dé, ṣùgbọ́n Màmá ò gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀ láti gbé e. Ó so okùn àwọ̀n mọ́ apá súìṣì, ó fi kọ́ orí igi àjà, ó sì fà á gba ẹnu ọ̀nà jáde sẹ́yìn ògiri. Ibẹ̀ ni kó ti máa fà á.

Ẹ̀rín pa àwọn apẹja. Gàníyù ló burú jù nínú wọn.

"Ẹ wá wò ó o! Ìyá Oníyìnyín ń dẹ àwọ̀n fún iná! Màmá, àrọ̀ lẹ mú lónìí ni, àbí edé?"

"Gàníyù, gbé agbọ̀n rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹja rẹ ti ń rùn, ò ń ṣẹ̀fẹ̀."

Ó dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó dà bíi pé òun ń sá fún ohun tí ọkọ òun fi sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tú okùn náà, ó kó o sábẹ́ àga, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé súìṣì sókè. Nǹkan kan ò ṣe é. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí Dúró tó bá a níbẹ̀.

"Màmá, ta ló tú okùn?"

"Èmi ni. Ṣé mo kú?"

"Wáyà ò tíì kanra ni." Dúró nawọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń gé yìnyín nìyẹn, Màmá. Ọwọ́ yẹn àti ojú yín ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mi ò bá súìṣì jà."

Ó fa okùn yọ lábẹ́ àga, ó ń so ó padà. Rùkáyàt ń wo bó ṣe ń ta kókó lé kókó. Kò bá a jiyàn mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń fa okùn, kí Gàníyù máa rẹ́rìn-ín lọ.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, iyọ̀ inú atẹ́gùn ti jẹ wáyà tó lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Rùkáyàt ò mọ̀. Ó dúró sẹ́yìn ògiri láàárọ̀, ó fa okùn.

Ohun tó dún kì í ṣe ohùn fíúsì tó mọ̀. Ilẹ̀ mì. Iná funfun yọ lẹ́nu ọ̀nà, èéfín dúdú tẹ̀ lé e. Gàníyù ju agbọ̀n sílẹ̀, ó sáré dé etí omi. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ iná ìjọba pa tiráńsífọ́mà, tí wọ́n wọlé, ìdérí irin súìṣì náà ti já kúrò, ó ti lọ gún ògiri tó kọjú sí i ní ọ̀gangan àyà èèyàn. Bàbà tó yọ́ ta sára ògiri bí ìpẹ́ ẹja. Tánńganran ò sí mọ́, àfi èérún.

Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀.

Dúró dé, ó ń ṣa irin jọ. Rùkáyàt jókòó lórí àpótí yìnyín, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó ń wò wọ́n.

"Dúró, Tájù ò mọ̀ pé irú iná báyìí ń bọ̀."

"Kò lè mọ̀, Màmá. Iná tó rà á fún, ó gé e dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn tu obìnrin náà lára. Ó dìde, ó gbálẹ̀.

Kí fíúsì tuntun tó dé, jẹnẹrétọ̀ ló lò, pẹ̀lú súìṣì mìíràn tí Dúró yá a. Nígbà tó dé, ó ní kí Dúró fún òun ní ọ̀kan kí òun wò ó. Ó gùn bí ìka, ó wúwo. Dúró ní iyanrìn ló kún inú rẹ̀, àárín iyanrìn ni wáyà wà. Bí iná bá fẹ́ fò, iyanrìn á yọ́ mọ́ ọn lára, á pa á. Rùkáyàt mì í létí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní wọ́n ki iyanrìn náà dáadáa.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wáyà mìíràn tún kanra. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja kún ilé yìnyín. Nǹkan dún "pọ́" nínú àpótí fíúsì tuntun, ẹ̀rọ dákẹ́. Gbogbo wọn pariwo, wọ́n sáré bọ́ síta. Rùkáyàt lọ gbé ọwọ́ lé àpótí náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ padà wá gbé yìnyín yín," ó pè wọ́n, "kó tó yọ́. Kí ẹnì kan bá mi pe Dúró."