Àwọ̀ Ẹ̀yìn Fọ́tò

Kí n tó wọ ilé ọkọ mi ní Ìbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti lọ gbé fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tó kú kúrò lára ògiri pálọ̀. Wọ́n ní kò yẹ kí ojú ìyàwó tuntun máa pàdé ojú òkú láràárọ̀. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé fọ́tò lè kúrò kí àyè rẹ̀ má kúrò.

Ó ti pẹ́ tí fọ́tò náà ti wà níbẹ̀. Èéfín àtùpà, èéfín kọ́ìlì tí a fi ń lé ẹ̀fọn, àti eruku ọ̀nà Ìbà ti sọ gbogbo ògiri yòókù di àwọ̀ tíì tí wàrà rẹ̀ kò tó. Ẹ̀yìn fọ́tò nìkan ni nǹkan kan kò dé. Bí wọ́n ṣe gbé e kúrò báyìí, ojú ibẹ̀ yọ síta lókè àga gígùn, onígun mẹ́rin, ó mọ́, ó tutù lójú bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu wàrà sí. Magnólíà ni àwọn tó ń ta ọ̀dà ń pe àwọ̀ náà. Ìyàwó tó kú ló yàn án nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà parí. Kò tíì bímọ tí àìsàn fi mú un lọ. Ohun tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni àwọ̀ yẹn.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkòkòmáíkò nígbà náà, létí títì. Tí oníbàárà bá gbé aṣọ dé, n kì í mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òwú. Mo ti wò ó, ó ti wọ orí mi nìyẹn, òwú tí mo bá sì mú wálé kì í tàsé. Ojú tó ń bọ́ mi yìí náà ni kò jẹ́ kí n sinmi nílé. Mo ń jẹun, ojú ibi tí fọ́tò yẹn wà tẹ́lẹ̀ ń wò mí. Mo ń ká aṣọ, ó ń wò mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ògiri ni mò ń jowú. Orogún tó wà láàyè, èèyàn lè bá a fa ọ̀rọ̀ omi, kó bá a fa ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀, kí ara tuni. Èyí tó ti kú kì í ṣẹ èèyàn. Dáadáa rẹ̀ nìkan ni gbogbo àdúgbò ń sọ. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, òótọ́ ni wọ́n sọ, torí lọ́dún yẹn ọwọ́ ara mi ni mo fi ń rán búbà mi wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọkọ mi sọ ọ́. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe l'Ọ́jà Àlàbá, ó sì ti gbé ọ̀kan wálé, ó ki orí bọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kun pálọ̀ yìí," mo wí. "Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ á dáa níbẹ̀."

Kò gbórí sókè. "Ó dáa, ká kùn ún. Àmọ́ àwọ̀ yẹn náà ni ká fi kùn ún. Mo fẹ́ kó rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀."

Tẹ́lẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀ ní tẹ́lẹ̀. Ohun tí mò ń wá kò pọ̀: mo fẹ́ kí nǹkan kan ṣoṣo wà nínú ilé yẹn tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ìkòkò tí mo fi ń se ọbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Iná tí mò ń tàn, ibi tí wọ́n fi swíìṣì rẹ̀ sí, ọwọ́ ẹlòmíì ló bá a mu.

"Ẹ̀yin lẹ kúkú nilé," mo wí.

"Ilé wa ni," ó ní, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Àwòrán ara agolo la fi ń mọ ọ̀dà nígbà yẹn. Ẹlẹ́pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi kun pálọ̀ náà níjọ́sí, àwọn tó ń ṣe é sì ti kógbá wọlé. Elérin àti olódòdó ló kù lọ́jà. Àwọn méjèèjì ní magnólíà làwọn náà ń tà. Ọkọ mi mú bíléèdì, ó rọra họ díẹ̀ nínú ojú fọ́tò náà, èyí tó ṣí kúrò kò ju èékánná lọ. Ó fi bébà wé e, ó tì í bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ sì wò ó o, kì í ṣe àpò ṣòkòtò. Àpò àyà ni.

Ọkùnrin yìí ni mo máa ní kó bá mi ra síípù aláwọ̀ ewé, tó máa gbé búlúù wálé. Òun náà ló wá ń ti ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà kan bọ́ sí òmíràn ní Àlàbá, tó ń tú bébà sílẹ̀ nínú oòrùn, tó ń wò ó mọ́ ara agolo. Tí n bá fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á ti kọ́kọ́ yọ bébà náà fúnra rẹ̀, á gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ Ígbò kan tó ń ta ọ̀dà bi òun pé, "Ọ̀gá, na paint you dey find abi na woman?" Ó dùn mọ́ ọn nínú gan-an. Èmi gbé àwo oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo sì lọ jókòó síta.

Elérin ló kọ́kọ́ rà. Ó fi kun ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú fọ́tò náà. Nígbà tó gbẹ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ara ọmọ tuntun. Ó tún ra olódòdó. Ìyẹn gbẹ, ó pọ́n bíi gààrí elépo. Ṣé ẹ rí i pé a fẹ́ kí nǹkan yìí pòórá? Ńṣe ló tún ń kó ẹbí jọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí wa, wọ́n dúró ní àárín pálọ̀, wọ́n wo ara ògiri títí.

"Ṣé làpálàpá ló mú ògiri yìí ni?" wọ́n bi wá. "Mo gbé e kúrò kí ẹ lè sinmi, ẹ tún wá ń wá a kiri."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà yọ eyín, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ ni wọ́n.

Ìgbà tó yá ló wá pinnu pé òun á po elérin mọ́ olódòdó. Ó gé páálí tẹlifíṣọ̀n sí wẹ́wẹ́, ó kun ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe fi púpọ̀ tèyí sí i ló ń fi díẹ̀ tọ̀hún sí i, ó wá tò wọ́n sí fàráńdà kí wọ́n gbẹ. Nígbà tí wọ́n gbẹ tán, ó pè mí.

"Ojú rẹ mọ àwọ̀ ju tèmi lọ. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó, èwo ni?"

Ó tú bébà, ó gbé èèhọ ọ̀dà náà lé mi lọ́wọ́. Kò wúwo rárá. Mo ti pinnu kí n tó jáde pé màá ní kò sí níbẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, a ó fi búlúù kùn ún, ọ̀rọ̀ á tán. Àmọ́ kí n tó yanu, ojú mi ti bọ́ sórí ọ̀kan nínú àwọn páálí náà. Òun gan-an ni. Kò lé, kò dín. Kí n dúró, èmi télọ̀, kí n wo àwọ̀ tó bára mu kí n ní kò bára mu? Ìgbéraga mi kò gbà.

"Èyí ni," mo wí.

Ó gbé e, ó wò ó, ojú rẹ̀ là. N kò tíì rí i kí ojú rẹ̀ là bẹ́ẹ̀ nítorí aṣọ kankan tí mo rán wọ̀. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo lọ ata tí kò ṣẹ̀ mí.

Wọ́n kun pálọ̀ náà tán, ó gbẹ. Ojú fọ́tò lọ pátápátá. Ibi gbogbo di ògì oníwàrà, àwọn ará ilé kejì ń wá wò ó. Mo ní mo ti bọ́ nìyẹn. Mo jókòó kí n jẹun bó ṣe yẹ kí èèyàn jẹun nínú ilé ara rẹ̀, ojú mi gòkè tààrà, ó kọjá lórí àga gígùn, ó sì dúró síbi tó ti máa ń dúró. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo sì ń rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọkọ mi gbé nǹkan kan dé láti Àlàbá, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Fọ́tò mi ni, nínú férémù onígíláàsì. Mo yà á ní sítúdíò kan l'Ọ́jọ̀ọ́ kó tó fẹ́ mi, nínú léèsì tí mo fọwọ́ ara mi rán. N kò mọ̀ pé ó ní in lọ́wọ́, áńbọ̀tórí pé ó lọ sọ ọ́ di ńlá. Ó mú ìṣó àti òòlù, ó lọ dúró níwájú ògiri. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lọ sápá òsì, ó pa á lọ sápá ọ̀tún.

"Ibi tí fọ́tò ìjọ́sí wà ni mo fẹ́ gbé e kọ́," ó ní. "N kò rí i mọ́. Ibo ló wà gan-an?"

Mo wò ó. Ọkùnrin tí mo rò pé kò lè gbójú kúrò níbẹ̀, kò mọ ibẹ̀ mọ́. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá di mí lójú, màá fi ìka kàn án. Inú tó ti ń bí mi sí i láti ọjọ́ yìí wá rọlẹ̀, n kò mọ ìgbà tí ó lọ. Síbẹ̀, n kì í jókòó sórí àga tí ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò, tó ṣì ń gbóná. Mo kọjá níwájú ibẹ̀, mo dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì kan ìṣó mọ́ rí, mo fi ìka tọ́ ọ.

"Ibí ni."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó kan ìṣó mọ́ ọn. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ló máa ń wo fọ́tò yẹn, wọ́n á ní mo rẹwà lọ́jọ́ náà. Èmi kì í wò ó. Òkè àga gígùn ni ojú tèmi máa ń lọ.