Ọkọ̀ Bàbá Kílípà àti Òkè Ilé-Ìwòsàn

Ẹni tí kò bá gbọ́ ariwo ọkọ̀ Bàbá Kílípà lọ́dún tí à ń wí yìí, kò tíì gbọ́ ariwo. Bó bá ń gun òkè ilé-ìwòsàn láàárọ̀, gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n, ọmọ ọwọ́ á ta gìrì lójú oorun, àwọn adìẹ ìsàlẹ̀ òkè sì ṣíwọ́ ẹyin yíyé fún oṣù kan gbáko. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn tó ni adìẹ. Ohun tó wá dunni níbẹ̀ ni pé pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, eré ìgbín ni ọkọ̀ náà ń sá.

Agẹrun ni Bàbá Kílípà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, yàrá kan ṣoṣo tó ní àga mẹ́ta, dígí ńlá kan tó ti sán nígun, àti fáànù tó máa ń mi orí bí arúgbó tí kò gbà. Kò sí irú orí tí kò gẹ̀ rí, látorí adájọ́ títí dé orí ẹni tí adájọ́ ń wá. Ó lè dijú gẹ orí èèyàn mẹ́wàá kó má ha ẹyọ kan. Ọ̀nà kan ló sì ń gbà ṣiṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó bá ti jókòó sórí àga, òun ló ni òótọ́. Bí oníbàárà bá ní òjò ń rọ̀ níta, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn yòò, Bàbá Kílípà á ní, “Ó ń rọ̀ dáadáa.” Nígbà tó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, fún ọgbọ̀n ọdún, kò mọ ìgbà tóun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́.

Kíndìnrín ìyàwó rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ní ilé-ìwòsàn tó wà lórí òkè. Aago méje òwúrọ̀ ni àyè tirẹ̀. Ẹ̀rọ ò pọ̀, aláìsàn ló pọ̀. Bí aago méje bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá tí èèyàn ò sí níbẹ̀, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà sì ti kìlọ̀ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Wọ́n pẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ wọn ló fà á, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú tó máa ń gun òkè bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Lọ́jọ́ náà, ìdajì òkè ló dé tó kú pii. Nígbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, ẹlòmíràn ti wà lórí ìbùsùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyàwó jókòó sí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ̀rọ kan tó ṣófo. Ojú rẹ̀ wú, bàtà ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

“Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́,” ni Bàbá Kílípà wí bí wọ́n ṣe ń padà sílé. “Ọkọ̀ yìí á fò.”

“Baálé mi, kó má wulẹ̀ fò,” ni ìyàwó dá a lóhùn. “Kó sáà ti máa débẹ̀.”

Àbúrò Bàbá Kílípà, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni mẹkáníìkì ẹ̀yìn ilé-epo. Òun ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ bá. Àbúrò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò pẹ́ tó fi gbé orí sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín ò burú. Pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnnì ló ti jó tán. Asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì ti dí fún ìdọ̀tí, afẹ́fẹ́ inú táyà ò tó, bíréèkì ẹ̀yìn kan sì ń di táyà mú. Ẹ tún wo inú búùtù yín! Látọdún wo lẹ ti ń gbé àga irin tó kán yìí kiri?”

“Mo fẹ́ tún un ṣe ni.”

“Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣe ìwọ̀nyí fún yín, kẹ́ ẹ sì tètè máa kúrò nílé díẹ̀. Ó parí.”

Bàbá Kílípà wò ó látòkè délẹ̀. Ọmọ tí òun pọ̀n, tí òun gẹ irun fún tó ń sunkún, tí imú rẹ̀ ń ṣomi, òun ló ń sọ pé ó parí yìí? “Ẹ̀mí ìyàwó mi là ń sọ, ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì,” ló wí, ló bá wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Eré jókòó sórí àga. Ọkọ̀ tirẹ̀ pupa bí ata, eré rẹ̀ sì lè mú kí fìlà ṣí lórí ẹni tó dúró sí òpópónà kejì.

“Bàbá Kílípà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín o. Sàléńsà ńlá, tí èéfín á máa gbà jáde fàlàlà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sí i. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí èémí mí, ṣé ó lè sáré?”

“Kò lè sáré.” Kílípà ń kùn yùnùnù.

“Ẹ yọ àpótí asẹ́ yẹn dànù. Ẹ fi asẹ́ gbayawu sí i, kó máa fa afẹ́fẹ́ bó ṣe wù ú.”

“Bó ṣe wù ú.”

“Kẹ́ ẹ ra ríìmù ńlá, táyà fífẹ̀. Kẹ́ ẹ wá gé sípíríǹgì rẹ̀ kó fi ikùn sún mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn ò ní lè dá a dúró mọ́.”

“Atẹ́gùn kẹ̀!” ni Bàbá Kílípà wí. Ẹni tó ń dúró de orí tirẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín: “Bàbá, ẹ rọra o, kẹ́ ẹ má lọ fò kọjá ilé-ìwòsàn!”

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ pátá. Ìyàwó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó wo ilẹ̀kùn tó ti wálẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

“Ṣé ọkọ̀ ni mò ń wọ̀ ni, àbí kòtò?”

“Fara dà á. Eré ló ń bọ̀.”

Eré ò bọ̀. Ríìmù wúwo bí ọlọ. Asẹ́ gbayawu ń fa ooru ẹ́ńjìnnì mu dípò atẹ́gùn tútù. Sàléńsà ńlá kó ìwọ̀nba agbára tí ọkọ̀ fi ń gun òkè lọ. Ní títì gbọọrọ, ó ń bú bíi kìnnìún. Bó bá dé ẹsẹ̀ òkè, ó kúnlẹ̀ nìyẹn. Gbogbo òkúta ojú ọ̀nà sì ń gba inú àga wọ ẹ̀yìn ìyàwó. Lọ́sẹ̀ kejì, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi pẹ́. Nọ́ọ̀sì sàmì kejì síwájú orúkọ rẹ̀.

“Ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ àbúrò yín,” ni ìyàwó wí. Kò pariwo.

“Ó kù díẹ̀ kó mọ́ ọn lára ni.”

Ojú ló ń tì í. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í ní ṣọ́ọ̀bù pé, “Bàbá Kílípà, ọkọ̀ ń sáré?” Òun náà á ní, “Ó ń fò.” Ẹni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo orí tó wà ládùúgbò, ẹsẹ̀ wo ló máa fi gbé e padà lọ bá ọmọ tó pọ̀n?

Lọ́sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́ kan tí kò ṣeé gbàgbé, wọ́n tètè kúrò nílé. Ọkọ̀ rá pálá gòkè, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé ẹnu géètì. Inú Bàbá Kílípà dùn débi pé ó fọn fèrè ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òkìtì kọnkéré kan wà lẹ́nu géètì náà, tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù. Táyà iwájú kọjá. Ikùn ọkọ̀ jókòó lé e lórí gbàmù, sàléńsà ńlá já, ó bọ́ sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ padà sẹ́yìn!” ni ẹ̀ṣọ́ géètì ń ké. “Ẹ bọ́ síwájú! Háà, ẹ dúró!”

Kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ìyàwó ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn gbá etí kọnkéré, kò ṣí ju bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe fẹ̀ lọ. Láti ibi tó jókòó sí, ó ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Ó rí obìnrin kan tó ń wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lápá.

“Baálé mi,” ló wí, “aago mélòó ló lù?”

Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé ọkọ̀ náà kúrò. Nígbà tí ìyàwó fi máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, aago méje ti fi ìṣẹ́jú méjìlélógún kọjá.

Nọ́ọ̀sì àgbà ò bá wọn jà. Ì bá sàn kó jà. Ó fọ ẹ̀jẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní ìkẹyìn nìyẹn, torí orúkọ ẹlòmíràn ti wọlé. Ó bá wọn wá àyè sí ilé-ìwòsàn mìíràn nílùú tó jìn ní ìrìn ọkọ̀ wákàtí mẹ́ta, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń gbé. Ìyàwó di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá mú un nínú ọkọ̀ èrò.

Bàbá Kílípà gbé ọkọ̀ lọ bá àbúrò rẹ̀. Àbúrò ò sọ pé ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá sípíríǹgì, àpótí asẹ́, sàléńsà àti ríìmù kékeré mìíràn fi sí i, ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó tú bíréèkì, ó sọ àga irin kalẹ̀. Kò tó ọjọ́ kan. Ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń lọ geere.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wà á dé òpópónà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń gbé. Ó bá àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí ìyàwó fi ọwọ́ kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá, tí wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀.

“Wọlé. Ó ti dáa. Gbọ́ bó ṣe dákẹ́.”

“Ẹ ṣeun,” ni ìyàwó wí. “Ilé-ìwòsàn náà nìyẹn. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.”

“Ọjọ́ wo lò ń bọ̀ nílé?”

Ìyàwó yíjú sí i. “Níbo lẹ̀rọ wà nílé, Baálé mi? Ẹni tó gba àyè yẹn, kí ló máa gbé e dìde níbẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lápá wẹ́rẹ́ pé àsìkò ń lọ. Wọ́n wọlé. Bàbá Kílípà yí ọkọ̀ padà. Wákàtí mẹ́ta ló fi wà á délé. Gbogbo òkè tó wà lọ́nà ló gùn láìyí jíà.