Gílóòbù Inú Rédíò Ìyá Sárà

Olówòkéré kì í ṣe olè. Ẹ gbà mí gbọ́ o! Ní Ayétòrò ìgbà yẹn, kí lẹnìkan fẹ́ jí? Ìkòkò kan náà la ti ń jẹun, àpò kan náà ni owó gbogbo wa ń wọ̀. Ẹni tó bá la ẹnu sọ pé "tèmi ni," àwọn àgbà á bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé iná mànàmáná ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gìtá ló gbà á lọ́kàn. Ó ti gbọ́ gìtá kan rí ní Èkó, tí ohùn rẹ̀ gbóná, tó sì há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja ló kàn.

Ó dáa! Ó ní òun á fọwọ́ ara òun ṣe ẹ̀rọ náà. Ó kó òkú rédíò mẹ́ta jọ, ó wá àpótí ẹja, ó so etí tẹlifóònù àtijọ́ mọ́ àyà gìtá tó ń ta. Ó wá ku gílóòbù kan, ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké inú rédíò tó máa ń pọ́n yòò bí iná bá wọ̀ ọ́. Irú èyí tó ń wá, ibì kan ṣoṣo ló kù sí: inú rédíò Ìyá Sárà.

Ìyá Sárà ò ríran mọ́, ẹsẹ̀ wọn ò sì gbé wọn. Rédíò tí ìlú gbé sí yàrá wọn ni ojú wọn, òun náà ni ẹsẹ̀ wọn. Olówòkéré mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ṣebí ti gbogbo wa ni?" Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ wa ló fi tan ara rẹ̀ jẹ. Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá lọ wẹ̀, ó yọ gílóòbù náà. Ó ní bí ìsìn àjọ̀dún bá ti parí, òun á dá a padà.

Lọ́jọ́ ìsìn, háà! Ohùn tó ń wá gan-an ló gbọ́. Kò tó o. Ó tún yí i sókè kí ó lè há sí i. Nínú orin kẹta, nǹkan dún pàá, òórùn jíjóná gba ilé. Gílóòbù ti jó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò lè gba ọ̀nà ilé Ìyá. Hánà, obìnrin tó ń tọ́jú wọn, ní Ìyá ò jẹun dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, Olówòkéré lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá.

"Ìyá, èmi ni mo yọ nǹkan inú rédíò yín. Mo rò pé ti gbogbo wa ni."

"Ti gbogbo wa ni lóòótọ́," ni Ìyá wí. " Ṣé èmi ò sí lára gbogbo wa ni? Ṣé o bi mí?"

"N ò bi yín, Ìyá." Omi ti dà lójú rẹ̀.

"Mo gbọ́ gìtá kan láti orí ẹní mi lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ìwọ lò ń ta á?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Lọ gbé e wá."

Ó sáré gbé e wá, ó ta á lásán, láìsí gílóòbù, bó ṣe mọ̀ ọ́n ta. Ìyá na etí sí i, wọ́n na etí, wọ́n wá mi orí.

"Kì í ṣe èyí," ni wọ́n wí. "Ìyẹn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà ni kí o ta."