Bí Mo Ṣe Kọ́ Kọ̀ǹpútà ní Ìṣirò Ilé Wa

Tíṣà ìṣirò ni mí nígbà náà, mo háyà yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ojú mi kò sì kúrò lára kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Bàbá kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó wá gbé ẹ̀rọ náà sí yàrá kékeré kan nílé rẹ̀ ní Gowon Estate, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Sátidé nìkan ló ń ṣí i fún mi.

Eré kan ló so wá pọ̀. Èmi á kọ ọ̀wọ́ àṣẹ tèmi, òun á kọ tirẹ̀, a ń pè wọ́n ní ọmọ ogun. A ó kó méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n máa ju òkò lu ara wọn. Inú ibẹ̀ dà bí òpópónà tó ní ojúlé lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọ ogun tó bá tẹ ojúlé òfìfo, ó kú nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà nìkan ni ẹ̀rọ gbọ́. Bàbá ní bí mo bá lè kọ ògbufọ̀ tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá wa di nọ́ńbà fún un, òun yóò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kejì, kí n máa wọlé nígbà tó bá wù mí. Mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Odindi táàmù kan ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tí a dán an wò, "FÒ" àti "JU" di nọ́ńbà lójú wa, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Àmọ́ ọmọ ogun mi ń kú kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó fò sí ojúlé kẹta, ó fò ré e kọjá bọ́ sí òfìfo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Inú bí mi débi pé mo gbá tábìlì onítábìlì.

"Tíṣà, rọra jàre," ni bàbá wí. "Máa lọ sílé. Padà wá ní ọjọ́ kẹta, má dúró de Sátidé."

Mo ń fi ìka ka ọjọ́ náà bí mo ṣe ń jáde ní géètì: òní Sátidé, ọ̀la Sọ́ńdè, ọ̀tunla Mọ́ńdè. Mo dúró lójijì. Mo ti ka òní mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kà á nílé, ibi téèyàn dúró sí ni ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kì í ka ibi tó dúró sí rárá, ìdí nìyẹn tó fi ń bọ́ sí ojúlé kẹrin. Mo bú sẹ́rìn-ín lójú títì.

Ní Mọ́ńdè, mi ò tún ọmọ ogun mi ṣe. Kí ni màá tìtorí ẹ̀rọ yí kíkà mi padà fún? Ìlà kan péré ni mo fi kún ògbufọ̀: kó máa yọ ọ̀kan kúrò nínú iye tí a bá kọ. Ọmọ ogun mi fò, ó balẹ̀ síbi tí mo rán an gan-an. Ọ̀kan ni bàbá kọ fún tirẹ̀; ògbufọ̀ yọ ọ̀kan náà kúrò, ọmọ ogun rẹ̀ wá ń fò sójú kan náà, tèmi bá a níbẹ̀, ó sọ òkò lù ú pa.

"Ìṣirò ọ́fíìsì tí kì í ka ibi téèyàn dúró sí ni mo fi kọ tèmi," ni bàbá wí. "Yọ ìlà yẹn kúrò ká tún un ṣe."

"Rárá o, sà. Ọjọ́ kẹta tí ẹ dá fún mi, báwo lẹ ṣe kà á?"

Ó gbé ìka sókè, ó ní Sátidé, Sọ́ńdè, Mọ́ńdè: òun náà ti ka ọjọ́ tó dúró sí mọ́ ọn. Ó fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kan kún gbogbo nọ́ńbà tó kọ síbẹ̀. Kò gbójú sókè. Ọwọ́ òsì ló fi ti kọ́kọ́rọ́ kejì sí mi lórí tábìlì, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi gbà á.