Búsúkì Tí Mo Rà Ní Ṣájà

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ológun fagi lé ìbò ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Bọ́lá, lọ ra léèsì ní Dùbáì. A dé Ṣájà, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dùbáì, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì gbọ́ ohùn okùn wáyà nínú ṣọ́ọ̀bù ará Síríà kan tó ń fọwọ́ gbẹ́ ohun èlò orin. Ó ní búsúkì ni, ohun èlò olókùn bíi máńdólìn. Ọrùn rẹ̀ gùn, ikùn rẹ̀ rí bí igbá, ó ń rùn bí igi tútù.

Ni mo bá rántí bàbá mi. Bí ó bá ń ta máńdólìn rẹ̀, èmi a máa fi etí lé ẹ̀gbẹ́ máńdólìn náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó fẹ́ lọ sí Gánà, àpótí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, igi máńdólìn tó gbé mọ́ra ń gbọ̀n sí mi létí.

Mo ní, "Bàbá, òtútù ń mú un."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Ó gbé e lọ, kò sì padà. Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe òtútù, bàbá mi ló ń sunkún.

Mo fi etí lé búsúkì náà. Ará Síríà rẹ́rìn-ín: "Màmá, ọwọ́ ni, kì í ṣe etí!"

Ìyá Bọ́lá ní, "Ṣé èyí lo máa fi rán bùbá? Yalla, jẹ́ ká lọ!"

Kò wọ́n, mo rà á.

Nígbà tí mo gbé e délé, tí àwọn ọmọ mi bi mí pé ta ni yóò máa ta okùn rẹ̀, mo ní, "Ẹni tó bá wù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sí ìdálẹ̀ nínú yín, kó jẹ́ kí n rí ẹkún rẹ̀."