Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ọ̀nà Oko

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ ìyá, kó kọ́kọ́ jókòó, kí n sọ ti alùpùpù mi fún un.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, irú èyí tí táyà rẹ̀ tóbi, tó ń gun òkè, tó ń la ẹrẹ̀ kọjá. Ọ̀gá kan ní Ungwan Rimi, ní Kaduna níbí, ló rà á fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n máa fi ṣeré nígbà ọlidé. Nígbà tí àwọn ọmọ náà lọ sí òkè òkun, ẹ̀rọ wà lábẹ́ igi máńgòrò, ìgbẹ́ ẹyẹ bò ó, mo sì rà á. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ungwan Shanu fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbàlagbà ra nǹkan ìṣeré. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Wọn kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni mo rà.

Láti kékeré ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba agbára ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Ọ̀pá tí mo ń kì bọ abẹ́ abíyá ni mo fi ń rìn. Ọ̀pá yẹn lè gbé mi yí ilé ká, ó lè gbé mi dé ìdí kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kankan kì í wọ oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn Rigasa ló wà, téèyàn bá ti kọjá ibùdókọ̀ ojú irin, tó tún tọ ọ̀nà oníyanrìn lọ sí ẹ̀bá odò. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá fẹ́ débẹ̀, ẹnìkan ní láti gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà bí ẹrù, ẹni tó bá sì gbé ọ ló ń sọ ìgbà tí o máa padà sílé.

Alùpùpù yìí gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń wà á. Àtàǹpàkò ló ń fún un ní epo, ìka ló ń fa bíréékì, háńdìbíréékì tó ń dá a dúró lójú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì. Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi fúnra mi ni mo ń lọ wo àgbàdo mi, èmi ni mo ń sọ fún àwọn alágbàṣe pé ibi tí wọ́n ro yẹn kò mọ́. Mo ń dá lọ, mo ń dá bọ̀. Mi ò tọrọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nílé ayé.

Lọ́dún kejì, òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ mi náà bẹ̀rẹ̀ àìsàn.

Àìsàn ọ̀hún yà mí lẹ́nu. Bó bá wà lójú kan, ẹ́ńjìnnì á máa dún geere. Bí mo bá ní kó lọ, á máa gbin bí ẹni tó ru àpò símẹ́ńtì. Ó ń gbé mi dé mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé orí títì tó lọ sí Rigasa, á wúkọ́, á kú. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún jí, á sì gbé mi padà sílé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ tèmi ti ronú pìwà dà, pé ọ̀nà mọ́ṣáláṣí nìkan ló mọ̀, kò mọ ọ̀nà oko mọ́. Nígbà yẹn, mo ṣì lè rẹ́rìn-ín sí i.

Bàbá Hausa kan ń tún alùpùpù ṣe lódìkejì títì wa gan-an. Bí ẹ̀rọ bá ti kú mọ́ mi lábẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á pariwo pé, “Haba Malam, kawo mu gani mana!” Kí n gbé e wá, kí àwọn wò ó. Màá dúpẹ́, màá ní mo ti ní mẹkáníìkì.

Mẹkáníìkì mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pààrọ̀. Ọmọ ìyá mi ni. Ìyá tó bí i lọ́mọ ṣàìsàn lẹ́yìn ìbímọ, omi ọmú rẹ̀ gbẹ, ìyá mi tó ń fún mi lọ́mú lọ́wọ́ sì gbé òun náà sáyà. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, ẹni tó bá ọ mu ọmú kan náà ti di ọmọ ìyá rẹ, kò tilẹ̀ lè fẹ́ àbúrò rẹ. Àwa ará Ìlọrin tó ń gbé Kaduna sì tún ní òfin tiwa lórí ìyẹn: iṣẹ́ tí ọmọ ilé bá mọ̀ ọ́n ṣe, a kì í gbé e jáde síta. Bí mo bá gbé ẹ̀rọ sọdá títì, kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìpàdé ẹgbẹ́ wa á ti máa béèrè ohun tó dé sáàárín wa.

Ọmọ ìyá mi kì í pẹ́ dé bí mo bá pè é. Á tẹ́ àpò sílẹ̀, á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó yọ púlọ̀ọ̀gì, ó fọ̀ ọ́. Ó pààrọ̀ fítà. Ó ní epo tí wọ́n ń tà ládùúgbò kò dáa, a yí ilé epo padà. Ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́ nínú epo, ó na ihò rẹ̀ sójú oòrùn hàn mí.

“Wò ó, ọmọ ìyá. Ìdọ̀tí ló dí i.”

Mo wò ó. Mi ò rí ìdọ̀tí kankan, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́? Mo bi í bóyá bíréékì ló ń dì í mú.

“Bíréékì kẹ̀? Mo ti wò ó. Ẹ́ńjìnnì ni. Ogbó ló dé sí i.”

Òógùn ń kán lójú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé omi tútù wá fún un. Ìyá mi ló gbé e wá fúnra rẹ̀, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

Gbogbo àkókò yìí, koríko ń fún àgbàdo mi lọ́rùn lóko. Ìyá mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀nà yẹn kò dáa mọ́. Kò parọ́. Àwọn ajínigbé ti ń mú àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó wà níwájú, à ń gbọ́ ọ. A jiyàn lórí rẹ̀ títí. Mo ní oko tiwa kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, àwọn tí oko wọn bá tèmi pààlà ṣì ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Mo rò pé mo ti borí.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ìyá mi lọ sìnkú ẹbí rẹ̀ kan ní Ìlọrin. Kò tíì dé nígbà tí mo gun ẹ̀rọ jáde láàárọ̀, tó tún kú, tó tún fi ìráhùn gbé mi padà sílé. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ mi kan irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn. Mo yára fa ọwọ́ padà, ó ń jóni. Mo fọwọ́ kan tiwájú, ó tutù. Ẹ́ńjìnnì tó gbó kì í mú táyà ẹ̀yìn gbóná. Bíréékì tí kò jáwọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi sì ti tú háńdìbíréékì sílẹ̀ kí n tó jáde.

Mo ju ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì fi ìka tọ wáyà háńdìbíréékì láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ó gba abẹ́ ìjókòó kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ike tó bo táyà. Ibẹ̀ ni mo ti kan ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di irin níbi ilé kíkọ́. Wọ́n fi so apá bíréékì kó má lè padà tán. Wọn kò dì í le. Wọ́n dì í níwọ̀nba, kí ẹ̀rọ lè rìn díẹ̀, kó má sì lè rìn jìnnà.

Wọ́n lọ́ wáyà náà, wọ́n wá ká ẹnu rẹ̀ sínú. Mo wo ọ̀pá mi tó wà nílẹ̀. Rọ́bà orí rẹ̀ ti ya rí, ọmọ ìyá mi ló fi wáyà dì í fún mi. Ó lọ́ ọ, ó ká ẹnu rẹ̀ sínú, ó ní kó má baà ha mí lábíyá. Ọwọ́ kan náà ni.

Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ni mo fi ẹ̀mú tú u, mo gun ẹ̀rọ, mo fún un ní epo. Ó ké, ó fò síwájú, díẹ̀ ló kù kó kọ lu kànga.

Ìyá mi sáré jáde, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. Alhamdulillahi ló yẹ kó sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni:

“Ta ló tú u?”

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n so ohunkóhun.

“Màmá, ẹ mọ̀ nípa rẹ̀?”

Ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. “Mo fẹ́ kí o wà láàyè ni.”

“Ẹ̀ bá ti bá mi sọ ọ́.”

“Mo bá ọ sọ ọ́. O ò gbọ́.”

Ojú kò tì í. Ìyẹn dùn mí ju wáyà lọ. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Wọn kò sọ ohun téèyàn máa ṣe bí aṣeni bá jẹ́ ẹni tó fún un lọ́mú.

Nígbà tí ọmọ ìyá mi dé, mo fi wáyà náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ó ń wò ó.

“Ìyá pè mí wọ iyàrá,” ló wí. “Ó di ọmú mú. Ó ní ọmú tí òun fún mi mu ni òun fi bẹ̀ mí, kí n má jẹ́ kí o dé oko yẹn. Wallahi, kí ni ǹ bá ṣe?”

Bí ìyá bá fi ọmú bẹ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi náà kò ní lè kọ̀. Ṣùgbọ́n inú mi kò rọ̀.

“Kábúrétọ̀ tí o nà sójú oòrùn ń kọ́? Ó fi ọmú bẹ̀ ọ́ kí o so bíréékì. Ṣé ó tún fi bẹ̀ ọ́ kí o máa làágùn lójú mi?”

Ó tẹrí ba. “Sai hakuri,” ló wí, bí a ti máa ń sọ ọ́ nígbà tí a bá jà ní kékeré. Kí n ṣe sùúrù.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí oko. Koríko ti ga ju àgbàdo lọ, èyí tó kù ti pọ́n bí ewé tí wọ́n yan. Mo sunkún lórí ẹ̀rọ, inú sì bí mi sí ẹkún náà. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo fa háńdìbíréékì. Ó mú. Mo mi ẹ̀rọ síwá, mo mì í sẹ́yìn, kò yẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn mi kò gbà á gbọ́ mọ́, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo pe alágbàṣe kan pé kó wá òkúta ti táyà.

Ọmọ ìyá mi ṣì ni mẹkáníìkì mi. Mo máa ń jókòó tì í báyìí, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, kì í sì í wò mí lójú. Mo ń lọ sí oko, mo ń bọ̀, gbogbo ibi tí mo bá sì ti dúró ni mo ti ń wá òkúta.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi rí mi tí mo ń fi ọ̀pá ti òkúta sábẹ́ táyà nínú ọgbà wa, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

“Ṣé háńdìbíréékì kò mú mọ́ ni?”

“Ó mú, Màmá.”

“Òkúta wá ń kọ́?”

Mo kí i kú ìrọ̀lẹ́, mo kọjá lọ sínú ilé. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ mi òkúta náà wò, bóyá ó dúró.