Wọ́n Gbé Ohùn Màmá Àdùnní Sínú Fíìmù, Wọ́n Sì Pa Orúkọ Wọn Rẹ́

Màmá Àdùnní Oyèwọlé kú ní ilé ìwòsàn kan ní Harburg, ní ìlú Hamburg ní Jámánì, níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, nígbà tí yìnyín ṣì bo òrùlé. Ẹ̀bùnọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló di ọwọ́ wọn mú. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó yé e lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ìbéèrè: "Ṣé àwọn onífíìmù yẹn ti pè?"

Wọn kò pè. Wọn kò pè nígbà àìsàn, wọn kò wá síbi ìsìnkú, òdòdó lásán wọn kò fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ́dún náà, wọ́n ṣí fíìmù wọn ní Berlin. Wọ́n wọ kóòtù dúdú, wọ́n mu wáìnì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Màmá jẹ́, níwọ̀n ìgbà tí fíìmù náà kò ti sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n nígbà tí wọ́n ti Ìbàdàn dé Hamburg, ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ló ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Bí wọ́n bá ti gbé orin, àwọn òyìnbó tó ń kọjá lọ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn tó dúró bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù, Dieter Brandhoff. Ó wọlé, ó ní òun fẹ́ gba orin náà sílẹ̀. Màmá ní kó kọ́kọ́ bọ́ bàtà rẹ̀ ná.

Bí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Gbohùngbohùn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Pálọ̀ Màmá ní Lurup, àdúgbò kan ní Hamburg, ni wọ́n ti gba rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ sílẹ̀. Màmá fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé kí ariwo mọ́tò má baà wọlé. Àwọn ló kọrin. Àwọn ló wá onígìtá láti Ìbàdàn. Àwọn ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín Brandhoff àti àwọn olórin. Àwọn náà ló sọ ilé iṣẹ́ náà lórúkọ, nítorí, wọ́n ní, ohùn wa ti ré òkun kọjá, ó sì ń dún padà. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ Berlin ń wá rẹ́kọ́ọ̀dù Gbohùngbohùn kiri bí ẹni ń wá wúrà. Ta ló dá a sílẹ̀? Fíìmù ní Brandhoff ni. Òun nìkan.

Ẹ ti lè ṣàkíyèsí pé mi ò fi "wọn" pe Brandhoff. Ó dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé wọn kò lè sọ pé àwọn kò mọ̀. Ọdún méjì kí Màmá tó kú, Katrin Lehnau, obìnrin tó darí fíìmù náà, kó kámẹ́rà wá sí Lurup. Mo wà níbẹ̀, Màmá ló ní kí n wá jókòó ti àwọn. Màmá wọ léèsì funfun. Wọ́n ti se ìrẹsì sílẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ohùn wọn fi há, wọn kò fi nǹkan kan pamọ́. Lehnau sunkún. Ó dì mọ́ Màmá, ó ní, "Láìsí yín, kò sí fíìmù."

Màmá yíjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o gbọ́? Èmi náà á wà ní sinimá kí n tó kú."

Nígbà tí àìsàn dé, Ẹ̀bùnọlá, tó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Reinickendorf ní ìlú Berlin, pe Lehnau. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi díẹ̀ ránṣẹ́ nínú ohun tí wọ́n yà, kí ìyá òun lè wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì. Èsì tó gbà ni pé iṣẹ́ kò tíì parí, kó ní sùúrù. Sùúrù wo? Ta ni ikú ń ní sùúrù fún?

Èmi àti Ẹ̀bùnọlá jọ lọ wo fíìmù náà ni. Nínú rẹ̀, Brandhoff ń rìn létí odò Elbe, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun funfun rẹ̀. Ó ní ojú àlá lòun ti gbọ́ orúkọ náà, Gbohùngbohùn. Ó pè é bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná kún lẹ́nu. Ẹ gbà mí o! Ẹni tí kò lè kí èèyàn ní "ẹ káàárọ̀" kó dán, òun ló ń lá àlá ní Yorùbá?

Lẹ́yìn náà ni Màmá yọ. Léèsì funfun, tíréè ìrẹsì lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Wọn kò jẹ́ kí Màmá sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ láti Áfíríkà a máa se oúnjẹ fún àwọn olórin." Orin wo ló sì ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn? Orin Màmá, ohùn Màmá fúnra wọn! Nígbà tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ ní ìparí, a rí orúkọ awakọ̀, a rí orúkọ ajá Brandhoff. Níwájú orin yẹn, wọ́n kọ ọ́ pé: a kò mọ olórin.

Iná tàn. Wọ́n ní kí àwọn òǹwòran béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Lehnau àti Brandhoff. Ẹ̀bùnọlá dìde.

"Obìnrin tó gbé ìrẹsì yẹn, kí lorúkọ rẹ̀?"

Lehnau wo ilẹ̀. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ràn wá lọ́wọ́..."

"Ìyá mi ni. Ẹ jẹ ìrẹsì yẹn. Ẹ sunkún ní pálọ̀ wa. Ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè títí wọ́n fi kú."

Lehnau ní ó dun òun, ṣùgbọ́n fíìmù kan kò lè gba gbogbo èèyàn, ìtàn ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ẹ̀bùnọlá yíjú sí ìjókòó iwájú. "Herr Brandhoff, ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń kọ orin yẹn?"

Brandhoff họ irùngbọ̀n. "Àdùnní ni," ó ní. "Ó ṣe ìrànwọ́ púpọ̀."

Ìrànwọ́! Ẹni tó ni ohùn, tó ni pálọ̀, tó ni orúkọ, òun ló ṣe ìrànwọ́! Ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin èèyàn. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ pé a kò mọ olórin.

Wọ́n ti wá fún fíìmù náà ní ẹ̀bùn báyìí ní Hamburg, ìlú tí sàréè Màmá wà. Wọ́n pe Ẹ̀bùnọlá síbi ayẹyẹ, wọ́n ní gbogbo èèyàn á dìde, wọn á dákẹ́ díẹ̀ ní ìrántí ìyá rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ìyá mi ti dákẹ́ tó nínú fíìmù yín." Kò lọ.

Ẹ̀bùnọlá ní ìwà tútù. Èmi kò ní in. Katrin Lehnau, gbé gbogbo ohun tí o yà ní Lurup jáde, kí ayé gbọ́ ohun tí Màmá sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fíìmù náà hàn, ẹ gbé e kúrò títí wọn á fi kọ orúkọ Àdùnní Oyèwọlé sí i gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀. Olùdásílẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fún wọn ní ẹ̀bùn, ẹ gbà á padà.

Dieter Brandhoff, ìwọ ṣì wà láàyè. Jáde síta, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ pé irọ́ lo pa. Bí o bá kọ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn èèyàn á wọ dúdú, tí wọn á máa sọ ohun rere nípa rẹ. Mo máa wà níbẹ̀. Mi ò ní dákẹ́.